Bertha Benz, Obìnrin Tí Ó Fi Ìdè Ìbọ̀sẹ̀ Gba Mọ́tò Là

Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwa rìn dé ẹ̀bá ìlú Bouaké, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ohun tí a sì rí lójú ọ̀nà níbẹ̀ ni ó mú wa rántí ìtàn tí a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí.

Bouaké kì í ṣe ìlú àjèjì pátápátá fún ọmọ Yorùbá. Láti ìgbà tí ọ̀nà ojú irin tí ó ti Abidjan wá ti dé ibẹ̀ ní ọdún 1912 ni ọjà rẹ̀ ti ń fa àwọn oníṣòwò mọ́ra láti ìhà gbogbo. Àwọn ènìyàn wa, pàápàá jù lọ àwọn ará Èjìgbò, wà lára àwọn tí ó fi ilẹ̀ Côte d'Ivoire ṣe ilé kejì, tí àwọn onílé sì ń pè ní Anàgó. Ní ìgbà ọyẹ́ kan, àwa gba ọ̀nà Yamoussoukro lọ sí Bouaké nínú ọkọ̀ èrò kan tí ó ti darúgbó. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a wọ ìlú, ẹ́ńjìnì ṣàdédé dákẹ́, òórùn rọ́bà tí ó ń jó gba inú ọkọ̀ kan, gbogbo èrò sì fò bọ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí a fọ́n àgbàdo ká.

Wọ́n ránṣẹ́ pe rìwáyà kan, èyíinì ni oníṣẹ́ iná ọkọ̀, láti inú gáréèjì. Ìgbà tí ó dé ni a rí i pé ọmọ tiwa ni, ọmọ Anàgó tí a bí sí ẹ̀yìn odi. Kò pẹ́ tí ó fi rí ibi tí ọ̀ràn wà. Wáyà kan ni ó ti ń fi ara ha etí irin láti ọjọ́ pípẹ́, títí awọ rẹ̀ fi bó. Ìhòòhò rẹ̀ kan irin, iná ṣẹ́ yọ, fíúsì sì jó. Awakọ̀ wa, tí oòrùn ń lé lọ, ní kí ó wulẹ̀ wá wáyà bàbà tí ó nípọn kan fi dí ojú ibi tí fíúsì wà, kí a máa lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ̀ jálẹ̀. Ó yọ orí bátìrì ná, ó gé rọ́bà tíúbù àtijọ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́, ó fà á le, ó wé e mọ́ ojú ọgbẹ́ wáyà náà, ó sì so wáyà ọ̀hún jìnnà sí etí irin tí ó ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ó tó fi fíúsì tuntun sí i, tí ó sì dá orí bátìrì padà. Ọkọ̀ gbéra.

Bí a ti ń lọ ni ọkàn wa ń sọ fún wa pé ẹnì kan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, lójú irú ọ̀nà báyìí, ní ọjọ́ tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ayé. Kì í ṣe mẹkáníìkì, kì í sì í ṣe ọkùnrin. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ni, Bertha Benz sì ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Pforzheim, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Jámánì, ni a bí i sí ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1849. Ringer ni orúkọ ìdílé baba rẹ̀. Kọ́lékọ́lé ni baba náà, ó sì rí já jẹ. Ìtàn ìdílé wọn sọ pé nígbà tí Bertha ṣì jẹ́ ọmọdé, ó ṣí Bíbélì ilé wò, ó sì rí i pé ní ọjọ́ tí a bí òun, baba òun ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ó ṣeni láàánú pé ọmọbìnrin ni ó tún dé. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Bí baba náà bá wà láàyè lónìí láti rí ohun tí ọmọbìnrin náà dà, a rò pé yóò wá nǹkan fi pa ìlà náà rẹ́.

Ní ọdún 1869 ni ó pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní Carl Benz. Ọmọ tálákà ni Carl. Awakọ̀ ojú irin ni baba rẹ̀, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà kò tí ì pé ọmọ ọdún 2. Ìyá rẹ̀ ni ó fi ìṣẹ́ àti ìyà rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Karlsruhe. Èrò kan ṣoṣo ni ó wà ní ọkàn rẹ̀: kẹ̀kẹ́ tí yóò máa rìn fúnra rẹ̀ láìsí ẹṣin níwájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí àlá. Bertha gbọ́ ọ, ó sì gbà á gbọ́.

Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ní ọdún 1871, Carl àti ẹnì kejì kan dá ilé iṣẹ́ kékeré sílẹ̀ ní ìlú Mannheim. Kò pẹ́ tí ẹnì kejì náà fi di ẹrù wíwúwo lọ́rùn rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Bertha bẹ àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n fún òun ní owó ìgbéyàwó òun ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó, owó náà ni wọ́n sì fi ra ìpín ẹnì kejì náà kúrò. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 1872 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Láti ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí òfin ìlú wọn ní ìgbà náà, ọwọ́ ọkọ ni àkóso ohun ìní aya wà. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó obìnrin yìí wà nínú ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà, orúkọ ọkọ nìkan ni ayé rí lórí rẹ̀.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e kò rọrùn. Gbèsè bá wọn, àwọn agbowó gba ohun èlò lọ́wọ́ wọn ní ọdún 1877, ọmọ sì ń pọ̀ sí i nínú ilé. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1879, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Bertha rọ ọkọ rẹ̀ pé kí àwọn tún lọ wo ẹ́ńjìnì tí ó ti ń kọ̀ fún wọn láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n lọ, wọ́n yí i, ẹ́ńjìnì náà sì jí, ó ń lù kìkì títí agogo ọdún tuntun fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní gbogbo ìlú. Ní ọdún 1883, Carl àti àwọn alábàáṣe tuntun dá ilé iṣẹ́ Benz & Cie sílẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1886 ni ó kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìwé àṣẹ ìjọba tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 37435, fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ́ńjìnì ń tì. Ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìwé ìbí mọ́tò.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí, tí a kò gbé jáde, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Carl jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ kì í tẹ́ lọ́rùn. Lójoojúmọ́ ni ó ń tún ẹ̀rọ náà ṣe, tí ó ń wà á káàkiri ìtòsí ilé, tí kò sì gbà pé ó ti tó ìrìn àjò. Àwọn ará ìlú ń bẹ̀rù rẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin ń sá fún un, oníbàárà kò sì yọjú. Bertha rí i pé ohun tí ó kù kì í ṣe iṣẹ́ ilé mọ́. Ọ̀nà ni ó kù. Ẹ̀rọ ìrìn tí kò bá rìn, ère ni.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 1888, kí Carl tó jí, Bertha àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen ọmọ ọdún 15 àti Richard ọmọ ọdún 13, rọra ti ọ̀kan nínú àwọn kẹ̀kẹ́ náà jáde ní Mannheim. Ilé ìyá Bertha ní Pforzheim ni wọ́n dojú kọ. Ọ̀nà náà ju 100 kìlómítà lọ díẹ̀. Kò jìnnà sí ìwọ̀n ìrìn láti Yamoussoukro dé Bouaké. Lójú ẹni òde òní, ìrìn bíi wákàtí méjì ni. Ní ọjọ́ náà, kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ ọ̀run tí ó tí ì wa mọ́tò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ọ̀dà lójú ọ̀nà, kò sí ilé epo, kò sí mẹkáníìkì, kò sì sí ẹni tí a lè bi pé báwo ni ẹ ṣe ṣe é.

Ìyà ọ̀nà jẹ wọ́n. Omi tí ń tu ẹ́ńjìnì lára ń gbẹ léraléra, wọ́n sì ń pọn omi níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i. Ní ìlú Wiesloch, epo tán. Wọ́n wọ ilé ìtajà oògùn, wọ́n sì ra èyí tí wọ́n ń pè ní ligroin, epo tí àwọn ènìyàn fi ń fọ àbàwọ́n kúrò lára aṣọ, ibẹ̀ ni àwọn Jámánì sì ń pè títí di òní ní ilé epo àkọ́kọ́ láyé. Ní Bruchsal, alágbẹ̀dẹ kan bá wọn tún ṣéènì ṣe. Nígbà tí òkè bá le, Richard kékeré ni ó ń jókòó síbi ìdarí, Bertha àti Eugen a sì bọ́ sílẹ̀ láti tì í. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, bíréékì onígi a máa jẹ títí tí kò fi ní agbára mọ́. Bertha ní kí aránbàtà kan kan awọ mọ́ ojú rẹ̀. Nígbà tí ìdọ̀tí dí ọ̀nà epo, ó yọ abẹ́rẹ́ gígùn tí ó fi de àkẹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ irun, ó sì fi là á.

Ìgbà tí wáyà iná ṣe bẹ́ẹ̀ kùnà ni ó dé ibi tí ìtàn rẹ̀ pàdé ti rìwáyà Bouaké. Kí òǹkàwé wa lè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé díẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnì náà, bátìrì àti kọ́ìlì ni ó ń pèsè iná tí ó ń gba inú wáyà lọ sí orí pílọ́ọ̀gì, níbi tí yóò ti ta páárá láti ran epo. Iná mànàmáná dà bí arìnrìn-àjò tí ó kórìíra ọ̀nà jíjìn; bí ó bá rí ọ̀nà àbùjá, yóò fi ojúlówó ọ̀nà sílẹ̀. Irin tí a fi kan ọkọ̀ jẹ́ ọ̀nà àbùjá fún un. Awọ tí a fi bo wáyà nìkan ni ògiri tí ó wà láàárín méjèèjì. Ọkọ̀ tí ó ń gbọ̀n lójú ọ̀nà olókùúta láti òwúrọ̀ yóò mú kí wáyà máa ha irin. Nígbà tí awọ bá bó, iná gba àbùjá bọ́ sínú irin, kò sí páárá mọ́ lórí pílọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnì a sì dákẹ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn nìyí. Bertha kò ní rọ́bà tíúbù, kò sì ní ohun tí àwọn rìwáyà òde òní fi ń wé wáyà. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ìgbà náà a máa fi ìdè tí ó ń fà de ìbọ̀sẹ̀ mọ́ itan. Ó tú ti ara rẹ̀, ó sì fi wé ojú ibi tí wáyà ti bó. Iná padà sí ọ̀nà rẹ̀, ẹ́ńjìnì sì tún sọ̀rọ̀. Ohun kékeré ni, a kò jiyàn. Síbẹ̀ gbogbo ìrìn náà rọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá rò pé orí ńlá nìkan ni ó ń ṣe ohun ńlá, kí ó ro ti ìdè ìbọ̀sẹ̀ yìí.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó wọ Pforzheim. Wọ́n fi wáyà ránṣẹ́ sí Carl pé àlàáfíà ni àwọn dé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn wà á padà sí Mannheim.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa ìtàn yìí tì sí nìyí, bẹ́ẹ̀ ni lójú tiwa, ibi tí ó ṣe pàtàkì jù ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Bí Bertha ti dé ilé, kò wulẹ̀ jókòó kí ó máa ròyìn ìrìn àjò fún àwọn aládùúgbò. Ó kó gbogbo ohun tí ọ̀nà kọ́ ọ wá sí iwájú ọkọ rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́. Òkè ń ṣẹ́gun ẹ̀rọ yìí, nítorí náà ó ń fẹ́ jíà kan sí i. Bíréékì ń jẹ, nítorí náà awọ gbọ́dọ̀ máa wà lójú rẹ̀. Carl gbọ́, ó sì tún un ṣe. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà gan-an, wọ́n gbé mọ́tò lọ sí ibi ìpàtẹ ẹ̀rọ ní Munich, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1899, ilé iṣẹ́ Benz ṣe mọ́tò 572 ní ọdún kan, kò sì sí ilé iṣẹ́ mọ́tò tí ó tóbi tó o ní gbogbo ayé.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, iná ń pọ̀ sí i nínú mọ́tò. Nígbà tí Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ tí iná fi ń ta ẹ́ńjìnì jí sínú ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912, tí fìtílà iná sì rọ́pò fìtílà gáàsì, wáyà di púpọ̀ lára ọkọ̀ bí iṣan lára ènìyàn. Àbùjá iná kò wá mọ sí dídákẹ́ ẹ́ńjìnì nìkan mọ́; bátìrì ńlá lè da iná púpọ̀ sínú wáyà tí ó bó, kí wáyà pọ́n bí ẹyin iná, kí ọkọ̀ sì jó. Ìdí nìyí tí a fi ń fi fíúsì sí i. Fíúsì ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: tín-ín-rín ni a ṣe é, kí ó lè jó kí wáyà tó jó. Ẹni tí ó bá fi wáyà bàbà tí ó nípọn rọ́pò fíúsì ti pa ẹ̀ṣọ́, ó sì ti ṣílẹ̀kùn fún olè. Ìdí tí ọmọ Anàgó wa fi kọ ọ̀rọ̀ awakọ̀ nìyẹn, àwọn èrò tí ó ń kùn sí i kò sì mọ̀ pé ẹ̀mí àwọn ni ó ń ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ Bertha. Carl fi iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní Benz & Cie sílẹ̀ ní ọdún 1903, ìdílé náà sì lọ ń gbé ní ìlú kékeré Ladenburg. Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1925, Carl jẹ́rìí pé nígbà tí gbogbo ènìyàn sá, aya òun nìkan ni ó dúró. Ní ọdún 1926, ilé iṣẹ́ wọn dara pọ̀ mọ́ ti Daimler, ibẹ̀ ni orúkọ Mercedes-Benz, tí gbogbo ìlú wa mọ̀ bí ẹní mọ owó, ti ṣẹ̀. Carl kú ní ọdún 1929. Bertha gbé ọdún 15 lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1944, nígbà tí ogun ń jó ilẹ̀ Jámánì run, ó pé ọmọ ọdún 95, ilé ẹ̀kọ́ gíga Karlsruhe tí ọkọ rẹ̀ ti jáde sì fi oyè dá a lọ́lá. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 5, ó sùn, kò sì jí mọ́.

Ayé kò yára san gbèsè tí ó jẹ ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ilé ọlá tí wọ́n ti ń pa orúkọ àwọn akọni mọ́tò mọ́ gba Carl wọlé ní ọdún 1984. Ọdún 2016 ni wọ́n tó gba Bertha. Ní ilẹ̀ wọn, ọdún 2008 ni a tó fi àmì sí ojú ọ̀nà tí ó gbà, tí a sì fi orúkọ rẹ̀ pè é.

Kí ni ìtàn yìí ń bi àwa ènìyàn aláwọ̀ dúdú? Ilẹ̀ Côte d'Ivoire gba òmìnira ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1960, ilẹ̀ Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Láti ìgbà náà àti ṣáájú rẹ̀ ni àwọn rìwáyà wa, ní Bouaké, ní Ìbàdàn, ní Cotonou àti ní Lomé, ti ń fi rọ́bà tíúbù ṣe ohun tí Bertha fi ìdè ìbọ̀sẹ̀ ṣe. Ọgbọ́n wọn kò kéré sí tirẹ̀. Àwa gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pàdé ọ̀nà tí ó burú ju tirẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Bertha ní ilé iṣẹ́ tí ó lè gbé ẹ̀kọ́ ọ̀nà padà sí, àti ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Àtúnṣe tí a ròyìn di ọgbọ́n ìṣẹ̀dá. Àtúnṣe tí a kò ròyìn a máa kú sí ojú ọ̀nà ni, ẹlòmíràn a sì tún un ṣe lọ́la bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó ṣe é rí. Ọmọ Anàgó wa mọ etí irin tí ó ń jẹ wáyà ní irú ọkọ̀ náà. Ó mọ̀ pé rọ́bà yíká ojú ihò irin ni ì bá dáàbò bò ó láti ilé iṣẹ́ wá. Ta ni ó bi í? Inú ìwé wo ni ó wà?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọwọ́ yín ni apá kan ìdáhùn yìí wà. Ẹ jẹ́ kí rìwáyà àdúgbò yín wọ kíláàsì ní ọjọ́ kan, kí ó fi wáyà tí ó bó àti fíúsì tí ó jó han àwọn ọmọ, kí àwọn ọmọ sì kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀ ní èdè wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kí a tó fi ọwọ́ kan wáyà, orí bátìrì ni a kọ́kọ́ ń yọ. Pé fíúsì tí ó jó ń kígbe pé nǹkan kan bàjẹ́, kí a wá a rí kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Pé wáyà tí a so dáadáa, tí kò kan irin, tí kò súnmọ́ ibi gbígbóná, kì í yára bó. Ẹ má sì ṣe lé àwọn ọmọbìnrin sẹ́yìn kíláàsì ní ọjọ́ náà, nítorí a kò mọ èyí tí yóò gbé ìmọ̀ náà dé ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé.

Ọkọ̀ wa wọ Bouaké ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, awakọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti wo iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Rọ́bà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ó dì mọ́ wáyà gbagidi. Awakọ̀ náà wò ó títí, ó mi orí, ó sì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé jẹ́ẹ́.